Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi, N Kò Lè Dìde Mọ́

Kò sí Yorùbá kan ní gbogbo ìlú Enugu, láti ọ́fíìsì ìjọba títí dé Emene, tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe tó mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, mo sì gbáyà sọ ọ́ lójú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn á kàn tẹ̀ díẹ̀, á nawọ́ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú owó tó jábọ́, á ní òun ti kí àgbà. Èmi kọ́! Tí mo bá dọ̀bálẹ̀, àyà mi á kan ilẹ̀, àgbọ̀n mi á kan ilẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù mi á sì fi ojú ihò sílẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ti fi ìdọ̀bálẹ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ní òun ò ní fún mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo nà gbalaja sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ rẹ̀, n kò rẹ́rìn-ín, n kò sunkún, mo ní ibẹ̀ ni n ó wà títí yóò fi fọwọ́ sí ìwé mi. Àwọn akọ̀wé ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí mi, wọ́n ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Ó fọwọ́ sí i kó tó di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán.

Lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìyàwó mi wà nílé bàbá rẹ̀ ní Amechi, ìtòsí Enugu, ọmọ mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi sì wà nínú ilé tí ìjọba fún mi, yàrá mẹ́ta, àga mẹ́rin, èmi nìkan ṣoṣo. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ló sọ mí dà báyìí. Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀ kí n jẹ́wọ́ fún yín, nítorí nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹran ara mi ló sọnù. Ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀bẹ gé e, ebi kò pa mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì mọ ọjọ́ tó lọ. Ẹ gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Èkó ni mo ti kàwé, wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń ya àwòrán páìpù, bí omi ṣe ń gun òkè, àti bí okùn ṣe ń gbé ohun tó wúwo bí a bá fi kọ́ orí nǹkan tó ń yí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti okùn yẹn sọ́kàn. Wọ́n gbé mi wá sí Enugu kí ogun tó dé, ọ́fíìsì wa níbẹ̀ ni mo sì ti rí Ngozi, ọmọ Amechi, tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé. Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láàárín agbo ilé. Àwọn ará ibẹ̀ kì í kí èèyàn bẹ́ẹ̀. Bàbá náà fò dìde, ó pariwo pé kí wọ́n bu omi wá, àṣé ó rò pé mo dákú ni. Nígbà tí Ngozi ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Ọgọ, dìde, dìde. Ọkùnrin tó lè dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn nítorí ọmọ mi, kó máa mú un lọ.” Ọgọ ni wọ́n ń pe àna ní èdè wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Ọgọ ní Amechi, Papa sì ni èmi náà ń pè é.

Ìlú wá dàrú ní ọdún 1966, ó di pé kí àwa tí a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ máa lọ sílé. Ọmọ wa, Títí, ò tíì pé ọdún kan, ìyá Ngozi sì wà lórí àìsàn. Ngozi ní kí n máa lọ, bí ara ìyá òun bá ti yá, òun á gbé ọmọ tẹ̀lé mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, n kò lè wojú rẹ̀. Ẹ ti mọ irú wa, àwa aláwàdà: ibi tí ẹlòmíràn á ti sunkún ni yẹ̀yẹ́ ti máa ń jáde lẹ́nu tiwa. Mo gbé báàgì mi, mo ní, “Ngozi, mò ń lọ ra búrẹ́dì.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo jáde. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan ni mo fi ra búrẹ́dì náà.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n tún gbé mi padà wá sí Enugu láti bá wọn tún ọ̀nà omi ṣe. Mo ti gbọ́ pé Ngozi àti ọmọ wà láàyè. N kò tíì tú ẹrù mi tí mo fi gbọ̀nà Awkunanaw lọ sí Amechi. Kí ni ẹ rò pé mo gbé dání? Ẹ má ṣépè fún mi o. Búrẹ́dì mẹ́fà ni, nínú apẹ̀rẹ̀, mo sì fi aṣọ funfun bò ó. Lójú tèmi, bí a bá ti jọ rẹ́rìn-ín tán, ẹkún á lè tẹ̀lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ngozi jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wò mí, ó sì wọlé padà. Papa ló sọ̀rọ̀.

“Ọgọ, búrẹ́dì náà nìyí?”

“Òun ni, Papa.”

“Ó pẹ́ kó tó jinná.”

Mo rò pé àwàdà ni ó ń bá mi ṣe, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dá wà lẹ́nu mi. Papa ní, “Nígbà tí à ń lé alángbá kiri inú igbó kí ọmọ rẹ lè rí ẹran jẹ, ibo ni búrẹ́dì yìí wà? Ìyá Ngozi kú sínú igbó yẹn, kò tọ́ ọ wò. Gbé e, kó o máa lọ. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, kó o padà wá.” Ṣùgbọ́n Títí, tí kò mọ̀ mí rí, ti ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni òun àti àwọn ọmọ agbo ilé ti ń pè mí ní Papa Bread. Ọmọ bíbí inú mi ni o!

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ro ọ̀rọ̀ náà títí, mo wá rí i pé kò le. Bàbá yìí ti rí ìdọ̀bálẹ̀ mi rí, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbà yìí, n kò ní mú ẹ̀rín lọ, n ó lọ nà gbalaja níwájú rẹ̀, n ó tọrọ àforíjì, n ó dìde dúró ṣánṣán bí ọkùnrin, n ó sì gbé ìyàwó mi lọ sílé. Ìgbà náà ni mo gbáyà tí mo sọ ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Mo ránṣẹ́ sí Papa pé mò ń bọ̀ ní Sátidé kejì sí i. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Ngozi se oúnjẹ dè mí lọ́jọ́ náà.

N kò dé ibẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni àkàsọ̀ ọ́fíìsì wa, àkàsọ̀ mẹ́rìnlá péré, bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí ní èémí. Ẹsẹ̀ mi wú títí bàtà kò gbà mí mọ́. Tí mo bá sùn gbalaja, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ìrọ̀rí bò mí nímú, àfi kí n jókòó kí n tó lè mí. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà gbọ́ àyà mi níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní ọkàn mi ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri dáadáa mọ́. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń fa omi kúrò lára, wọ́n fòfin de iyọ̀, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ mi kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Orí ibùsùn ni kí n ti jẹun, kí n ti wẹ̀, kí n ti ṣe gbogbo nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò lórí ibùsùn náà. N kò ránṣẹ́ sí Ngozi. Mo rò pé tó bá gbọ́ pé mo wà ní ilé ìwòsàn, á ní búrẹ́dì mìíràn ló tún dé yẹn.

Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Sístà ló jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó ga, ó fi òwú so ọwọ́ awò ojú rẹ̀ tó ti kán. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ibùsùn mi, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ọkàn yín ni dókítà ní kó sinmi. Kò ní kí ẹ pa ẹsẹ̀ yín.” Ó ní láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí n máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, nígbà ogún ogún, díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti pákó tó wà ní ìsàlẹ̀ ibùsùn. Ìdí tábìlì rẹ̀ ní ìpẹ̀kun yàrá ni yóò jókòó sí tí yóò máa fojú kà á, lẹ́yìn náà yóò wá fi àmì sí ìwé tí wọ́n fi kọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Àìsàn kan náà ló ń ṣe bàbá tó wà lórí ibùsùn kejì mi, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ Enugu. Bàbá Eléèédú ni mo sọ ọ́. Òun kò fi tirẹ̀ ṣeré. Á di etí ibùsùn mú, á fún ojú pọ̀, á máa kà á ní èdè rẹ̀, “Otu! Abụọ! Atọ!” títí yóò fi pé ogún, òógùn á sì bò ó.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe tèmi bó ṣe yẹ. Ọjọ́ karùn-ún, ó sú mi. Ṣé kì í ṣe ìsinmi ni wọ́n ní kí n wá ṣe ni? Èèyàn tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò bí ọmọ ọwọ́, ìsinmi wo nìyẹn? Mo wo bàtà mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo okùn báńdéèjì. Mo tọrọ igi tí wọ́n ń ká òwú sí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń rán aṣọ, mo ní mo fẹ́ fi ṣeré ọwọ́. N ó sọ òtítọ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń ṣe é, ó pẹ́ tí orí mi ti jí pépé bẹ́ẹ̀. Mo so igi òwú náà mọ́ irin tó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́sẹ̀ mi, mo fi okùn kọ́ ọ, mo so bàtà mọ́ orí kan, mo fi orí kejì sí ọwọ́ ọ̀tún mi lábẹ́ aṣọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sístà jókòó sídìí tábìlì, ó ń kà. Mo ń ka ìwé ìròyìn. Bàtà mi ń gòkè lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ogún ní ọ̀tún, mo rọra sún un sí òdìkejì, ogún ní òsì. Mo fún ojú pọ̀ díẹ̀ nígbà tó di ìkejìdínlógún. Sístà wá fi àmì sí ìwé, ó ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ ń gbìyànjú.”

Mo ní, “Kò rọrùn o, Sístà.”

Gbogbo àwọn tó wà lórí ibùsùn ló mọ̀ kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n á sì di ẹnu mú, ibùsùn wọn á máa mì. Bàbá Eléèédú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fara balẹ̀ wo okùn náà bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Ó ní, “Ọmọ Yorùbá, mo ti bá okùn ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú kí wọ́n tó bí ọ. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ló ń ṣiṣẹ́. Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ń ṣe?” Mo ní ẹsẹ̀ mi ń gba ìsinmi lọ́lá ìjọba. Ó mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, “Otu! Abụọ!”

Nǹkan kan wá bẹ̀rẹ̀ tó fa ojú mi mọ́ra. Wíwú ẹsẹ̀ mi lọ, bí dókítà ṣe wí. Nítorí pé kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fi okùn wọn iṣan ẹsẹ̀ mi, ibi tó ki jù lẹ́yìn ojúgun, mo sì ta kókó sí ibi tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún wọ̀n ọ́n, kókó náà ti kọjá, ẹsẹ̀ ti dín. Mo ní omi ló ń lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ta kókó mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, òmíràn. Omi ti tán lẹ́sẹ̀ mi nígbà náà, ẹsẹ̀ ń dín síbẹ̀! Mo fọwọ́ tẹ itan mi, ó rọ̀ bẹ̀lẹ́jẹ́, ó ń mì bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ọwọ́ ọ̀tún mi ńkọ́? Ó le koko. Èyí yà mí lẹ́nu gan-an. Ibo ni ẹran yìí ń gbà lọ? Mo wo abẹ́ ibùsùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo wò ó ní tòótọ́.

Mo bi Sístà. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó fọwọ́ di iṣan ẹsẹ̀ mi mú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ara máa ń tú ẹran tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa fi ṣe nǹkan mìíràn, bó ṣe máa ń rí fún gbogbo aláìsàn tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́ nìyẹn, pàápàá àwọn tí àìsàn ọkàn ń ṣe, ó sì máa ń yá ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ó ní ẹran ẹsẹ̀ àti itan ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn ló máa ń gbé wa dúró. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń gbé ẹsẹ̀ yín ní ogún ogún,” ló wí, ó sì ń wo ìwé. “Kò yẹ kó pọ̀ tó báyìí. Ó dà bí ẹni pé oúnjẹ ni kò tó yín.” Ó lọ bá dókítà. Láti ọjọ́ kejì, wọ́n ń gbé ẹyin méjì àti mílíìkì wá fún mi láàárọ̀, ní ìlú tí ẹyin ti ṣọ̀wọ́n bí góòlù. Ẹnu mi wà níbẹ̀ tí mo fi lè jẹ́wọ́. Mo fi jẹ ẹyin.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká dìde dé. Bàbá Eléèédú sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ó dúró, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó kí gbogbo wa. Ó kàn mí. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, mo sọ fún un pé kó gbé mi, ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Orúnkún mi yẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì ló gbá mi mú. Bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ibùsùn mi ni Sístà rí okùn. Ó fà á. Bàtà gòkè. Ó tún fà á. Ó tú bàtà náà, ó kúnlẹ̀, ó fi wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Ẹ bá mi kí bàtà yín. Ara rẹ̀ ti le.” Lẹ́yìn náà ló kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá délé, kí n máa dìde lórí àga kí n sì máa jókòó, nígbà mélòó kan lójúmọ́, láìfi ọwọ́ ti ara mi, kí n má sì kánjú. Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Ṣé mo gbọ́? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, mo rí i pé mo lè rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo ní ó parí. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ni mo fi ń ti ara mi kúrò lórí àga. Òótọ́ ni pé bí mo bá lóṣòó nílé ìyàgbẹ́, ara ògiri ni mo ń dì mú kí n tó lè dìde. N kò so wọ́n pọ̀. Èmi tí mo kàwé nípa bí ẹrù ṣe ń gòkè! Mo bẹ dírẹ́bà ọ́fíìsì wa, ó gbé mi dé Amechi ní Sátidé.

Papa wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, Ngozi dúró lẹ́yìn rẹ̀, Títí àti àwọn ọmọdé tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò gbé nǹkan kan dání. N kò rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀, mo ní, “Papa, ẹ dárí jì mí. Mo ṣe àwàdà níbi tí ó yẹ kí n ti sunkún. Ẹ fún mi ní ìyàwó mi.” Mo gbọ́ tí Papa mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, Ọgọ. Dìde.”

Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Àyà mi gòkè. Orúnkún mi ní kó wọlé sábẹ́ mi, itan mi kọ̀. Mo padà wálẹ̀. Mo tún ti ilẹ̀, àyà gòkè, mo tún padà wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Mo gbọ́ tí ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo gbé orí sókè wo Papa, mo tún ti ilẹ̀, mo tún padà wálẹ̀, ìgbà náà ni mo rí ojú rẹ̀, tí mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ ti rí alángbá lórí ògiri rí, bó ṣe máa ń ti ara rẹ̀ sókè sódò tó ń mi orí. Èmi rèé lórí ilẹ̀ wọn, níwájú àwọn tó jẹ alángbá nínú igbó.

Papa dìde. Ohùn rẹ̀ kéré. “O tún wá fi ohun tí a jẹ ṣe wá ní yẹ̀yẹ́.”

“Papa, rárá! N kò lè dìde ni!”

“Mo mọ̀ ọ́. Ibi iṣẹ́ rẹ náà lo ti ń dùbúlẹ̀ tí o ní o ò ní dìde. Ngozi sọ ọ́ fún mi, a jọ rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí eré bá sú u, á lọ sílé.” Ó yí ẹ̀yìn padà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ni yóò gbà mí gbọ́ nínú gbogbo àwọn tí mo ti tàn jẹ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n? Mo gbé ojú mi sínú iyanrìn, mo sì sunkún, ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ.

Ngozi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè, ó fọwọ́ dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ ká a pátá, ìka kan ìka. Ó pe bàbá rẹ̀. Papa padà wá, ó wò ó. Orí ikùn ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọkàn mi tó tóbi, ọ̀sẹ̀ méje, okùn, bàtà. Títí nìkan ló rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi bàtà. Papa bi mí, “Wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?” Mo ní wọ́n ń fún mi. “Wọ́n ń fún ọ ní ẹyin?” Mo ní méjì, láràárọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo tirẹ̀.

Ngozi ló sọ ọ́. Ó ní, “Mo mọ irú ẹsẹ̀ yìí. Mo ti gbé e sórí itan mi, mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti bá wọn sin ín. Àwọn tó ni ín ò rí nǹkan jẹ ni.” Ó fa ṣòkòtò mi padà sílẹ̀, ó rọra ṣe é, ó sì wọlé. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, tí ogun ti jẹ gbogbo ẹran ara rẹ̀, ló ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi, tó gbé mi sórí bẹ́ǹṣì.

Ó ní, “Gbogbo Sátidé, máa bọ̀. Dùbúlẹ̀ sí ibi tí o dùbúlẹ̀ sí lónìí. Lọ́jọ́ tí o bá dìde láìdi nǹkan kan mú, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn ọ́, Ngozi á di ẹrù rẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹnu rẹ tó. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ báyìí.”

Mo padà lọ bá Sístà, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Ó ní kí n máa dìde lórí àga, kí n máa gun àkàsọ̀ ọ́fíìsì ní méjì méjì, bí èémí bá ti fẹ́ já, kí n dúró. Mò ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń yà mí lẹ́nu: ọ̀sẹ̀ méje ni ẹran yìí fi lọ, mo ti ń ka ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Okùn mi wà níbẹ̀, mo ń wọ̀n ọ́n. Lílọ rẹ̀ kò ro mí lára, bíbọ̀ rẹ̀ ń ro mí. Kí ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ ti dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́ rí, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yín? Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà lórí ibùsùn lọ́wọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ gbé e.

Sátidé tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Orúnkún kan ti wọlé sábẹ́ mi, èkejì ti gbéra, ni ara mi bá fẹ́ yẹ̀. Papa ń wo ọ̀nà ilé ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ọwọ́ òsì mi kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó dì í mú díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, mo sì dúró ṣánṣán. Papa yíjú padà, ó pariwo. Àwọn ọmọdé ń fò sókè, “Papa Bread! Papa Bread!” Ngozi jáde. Àpótí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fi okùn dì í, eruku sì ti bo okùn náà. Ó pẹ́ tó ti dì í. Mo wo eruku yẹn.

Mo ní, “Papa, kò kà. Mo di bẹ́ǹṣì mú.”

Ngozi wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò, irú wíwò tí kò tíì wò mí láti ọjọ́ búrẹ́dì. Ó sọ àpótí kalẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò sì gbé e wọlé padà. Mo fara balẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, n kò sì lè dìde mọ́ lọ́jọ́ náà, Papa ló tún gbé mi.

Ọ̀la ni Sátidé. Mo ti gbé ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ yìí, ogún ní ọ̀tún, ogún ní òsì. Kò sẹ́ni tó ń kà á.